Káńsílọ̀ Tó Dìbò fún Alátakò Rẹ̀

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1990, Christopher Akínlabí fi ìbò kan ṣoṣo pàdánù àga káńsílọ̀ tí ìdílé rẹ̀ ti ń jókòó lé láti ayé bàbá bàbá rẹ̀. Igba ó lé méjìlá ni alátakò rẹ̀ ní. Òun ní igba ó lé mọ́kànlá. Ìbò kan tó fi lé yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló dì í.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Lọ́dún náà, ìjọba ológun pàṣẹ pé kò sí àpótí, kò sí ìwé, kò sí ìtẹ̀ka. Ẹni tó bá fẹ́ olùdíje kan, kó lọ tò sẹ́yìn àwòrán rẹ̀ ní gbangba, kí wọ́n máa fọwọ́ kan orí kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka iṣu. Wọ́ọ̀dù náà kéré, lẹ́bàá Pápá Àjàó ní Mushin, gbogbo wọn sì tò sí pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Wọ́n lẹ àwòrán Christopher mọ́ ara igi kan. Àwòrán Síkírù tó ń ta pákó wà lára òpó góòlù ní apá kejì.

Kò sí ẹni tó fẹ́ràn òfin tuntun náà tó Christopher ní gbogbo Mushin. Ó ní ìbò ìkọ̀kọ̀ ti sọ ọmọ aráyé di ọ̀dàlẹ̀. Báyìí tí ojú á máa rí ojú, ta ni yóò jẹ ẹ̀wà nílé òun lánàá tí yóò tò sẹ́yìn ẹlòmíràn lónìí? Ó wọ agbádá funfun, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣìnà. Shakirat, ìyàwó rẹ̀, tò sẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé korobá òfìfo dání, torí láti ibẹ̀ ló ti fẹ́ gba ọ̀nà Ìlúpéjú lọ pọnmi. Ìgbà náà ni Christopher gbójú sókè tó rí Lydia ní ìlà Síkírù: Lydia, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ti gboyè ní yunifásítì láti ọdún méjì sẹ́yìn tí kò tíì ríṣẹ́.

Ó kọ́kọ́ rò pé ó ṣìnà ni. Ó fọwọ́ pè é. Nígbà tí kò dáhùn, ó fi ìlà tirẹ̀ sílẹ̀, ó gba àárín pápá kọjá, agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀.

"Lydia, ìlà wa wà lọ́hùn-ún."

"Mo rí i, Dádì. Ibí ni mo tò sí."

"Ta ló rán ọ níléèwé?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ṣé."

Christopher kì í bá ènìyàn jà. Ó máa ń dúnàádúrà ni. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kò pọn dandan kó wá sẹ́yìn òun, kó ṣáà kúrò níbí kó máa lọ sílé, kí ojú má ti òun. Lydia ní òun ò lọ. Ó ní ó dáa, kó jókòó sábẹ́ igi nígbà náà. Lydia ní oòrùn ò pa òun. Ó ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ omi ni, òun á rí sí i kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí.

"Dádì, ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 1980. Bàbá yín sọ ọ́ ṣáájú yín. Bàbá tiwọn náà sọ ọ́."

"Ṣé ìwọ náà wá rí i pé a kì í yí ọ̀rọ̀ wa padà."

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà dé nìyẹn tí tíṣà tó ń darí ìbò fi fọn fèrè. Òfin ni pé bí fèrè bá ti dún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò lójú ibi tó wà. Christopher ṣì di ọmọ rẹ̀ lápá mú. Tíṣà náà ń bọ̀, ó ń fọwọ́ kan orí kọ̀ọ̀kan. Ó kan orí Lydia, ó sì kan fìlà tó tẹ̀ lé e.

"Èmi kọ́," Christopher wí. "Olùdíje ni mí."

"Mo ti kà yín, sà. Tí ẹ bá kúrò níbẹ̀ báyìí, máa fagi lé gbogbo ẹ̀."

Síkírù yíjú padà láti iwájú ìlà. "Ẹ ṣé gan-an, Káńsílọ̀," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ẹ nífẹ̀ẹ́ mi. Ẹ kàn ń tijú ni."

Ẹ jẹ́ ká mọ irú àga tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ ìgbìmọ̀ nígbà àwọn òyìnbó, lórí ìlérí pé òun yóò gbé omi ẹ̀rọ wá sí àdúgbò. Omi ò dé, ṣùgbọ́n wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà. Bàbá Christopher gorí àga náà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlérí kan náà. Omi ò dé, ṣùgbọ́n àga ò kúrò nílé. Ní 1980 ó kan Christopher. Láàárọ̀, bí ènìyàn bá dúró ní Òpópónà Akínlabí, yóò rí àwọn obìnrin tí wọ́n ru korobá ti Ìlúpéjú bọ̀, níbi tí maigádì iléeṣẹ́ kan ti máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn lẹ́nu ẹ̀rọ. Lydia wà lára wọn láti ìgbà tí ọrùn rẹ̀ ti lè gbé ike. Ọmọ káńsílọ̀ ni, ọmọ-ọmọ káńsílọ̀ ni, ó sì mọ ọ̀nà omi ju ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Christopher ti pinnu láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ Lydia lórúkọ pé ọmọ náà ni yóò jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn òun. Ìdí tó fi rán an ní yunifásítì nìyẹn. Ìdí kan náà ni Lydia kò fi fẹ́ jókòó síbẹ̀: ó ti kàwé tó láti mọ iye tí mẹ́ta jẹ́ nígbà tí wọ́n bá fi òfo sọ ọ́ di púpọ̀.

Ká má purọ́ mọ́ òkú: Christopher kò jalè. Ẹ jẹ́ kó wà lákọọ́lẹ̀, nítorí ó ṣọ̀wọ́n. Kò jẹ owó ìjọba, kò kọ́lé síbì kankan, kò gba riba lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò kàn ṣe nǹkan kan ni, tọkàntọkàn ló sì fi ń ṣe é.

Ní 1982 ó ṣí ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ náà wà lóòótọ́: páìpù kan tó yọrí láti inú sìmẹ́ńtì, tí wọ́n kùn ní búlúù. Ohun tí kò sí ni omi, nítorí kò sí ẹni tó so páìpù náà mọ́ ti ìjọba tó gba abẹ́ títì kọjá. Christopher kò ka ìyẹn sí ìdíwọ́. Ó ní kí Bọ́lárìnwá, àbúrò rẹ̀, gbé dúrọ́ọ̀mù kan sórí pákó lẹ́yìn ògiri, kó pọn ọ́n kún, kó sì fi rọ́bà so ó mọ́ páìpù. Ọ̀gá tó wá láti ọ́fíìsì ńlá yí ẹ̀rọ, omi dà, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kó tì í padà. Ṣùgbọ́n ooru mú ọ̀gá náà: ó ṣí fìlà, ó bọ́jú, ó fọ apá, ó tún tẹ̀ síwájú ó ń fọ bàtà. Ẹ̀rọ náà húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Gbogbo ojú yí sí Christopher.

"Ẹ ò rí ẹ̀rọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé," ó ní. "Ó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àlejò wa."

Lydia wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iléèwé lọ́rùn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé ike, ó tún gba Ìlúpéjú lọ, kò sì rí ohun tó ń pa òun lẹ́rìn-ín mọ́. Ibẹ̀ ni ìbínú rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní òpin 1983, wọ́n kéde lórí rédíò pé wọ́n ti tú gbogbo ìgbìmọ̀ ká. Christopher tẹ́tí gbọ́ ọ dé ìparí, ó sì ní rédíò kọ́ ló gba òun síṣẹ́, kò lè lé òun. Láti ọjọ́ náà, ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ di ọ́fíìsì. Ó ń parí ìjà láàárín ayálégbé àti onílé, ó ń fọwọ́ sí ohun tí ìfọwọ́sí rẹ̀ kò wúlò fún, ó sì máa ń gbàsinmi ọdọọdún nínú iṣẹ́ tí kò sí.

Ní Sátidé ìmọ́tótó kan lẹ́yìn náà, sójà kan bá a lójúde tó ń pàṣẹ fún àwọn tó ń kó gọ́tà, tí òun fúnra rẹ̀ kò mú ohunkóhun lọ́wọ́. Sójà béèrè ẹni tó jẹ́. Ó ní káńsílọ̀ ni òun. Sójà ní wọ́n ti lé gbogbo káńsílọ̀. Ó ní bóyá wọ́n gbàgbé òun. Sójà náà kò jiyàn, ó fi ṣọ́bìrì lé e lọ́wọ́. Christopher ká agbádá sí èjìká, ó kó gọ́tà láti ojúlé àkọ́kọ́ dé ìkángun òpópónà, kò sì ráhùn. Nígbà tó parí, ó na ẹ̀yìn, ó gun orí pákó tó dábùú gọ́tà náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ológun fún àtìlẹ́yìn wọn, ó sì kéde pé òun ṣí gọ́tà náà fún ìlò gbogbo ènìyàn. Sójà náà ti pàtẹ́wọ́ kó tó rántí pé sójà ni òun.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni Lydia tò lòdì sí. Lẹ́yìn ìbò náà, Christopher kò bá a sọ̀rọ̀ títí Kérésìmesì fi kọjá. Bí wọ́n bá jókòó nídìí tábìlì kan náà, Shakirat ló máa ń rán. "Sọ fún ọmọ Síkírù kó sún iyọ̀ síbí." Shakirat á sì sọ ọ́, torí kò fẹ́ jà lásìkò ọdún.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, Christopher jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ títí, ojú rẹ̀ sì là. Ó pe Lydia fúnra rẹ̀.

"Ta ló gbé Síkírù wọlé?"

"Àwọn ará àdúgbò ni, sà."

"Irọ́ ni. Ìbò kan ló fi wọlé. Ìbò ta ni?"

Kí Lydia tó dáhùn, ó gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Tèmi ni," Christopher wí. "Èmi ni mo gbé e sórí àga. Kó wá jẹ́ mi lóhùn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ sí ọ́fíìsì káńsílọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, ó sì rán wọn sí Síkírù pé olùdìbò rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ béèrè omi. Síkírù kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Ó ra mínírà fún un. Christopher mu ún, ó sì tún dé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó ṣe, Síkírù ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Ó bá Christopher lórí àpótí nídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Christopher ló la ilẹ̀kùn yẹn nígbà tirẹ̀, fún irú ìdí bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ìyà tó jẹ Síkírù jù lọ ni pé kò rí àwáwí tuntun kankan wí. Ó ní owó kò tíì jáde láti òkè. Christopher ní, "Tèmi nìyẹn, ti 1981. Wá tìẹ." Ó ní àwọn ẹnjiníà ṣì ń wo ilẹ̀. "Ti bàbá mi nìyẹn." Ó ní ìwé ti sọnù ní ọ́fíìsì ńlá. Christopher mi orí pẹ̀lú ìbànújẹ́ ẹni tó ń rí iṣẹ́ ọwọ́ ìdílé rẹ̀ níta. "Ti bàbá bàbá mi. Síkírù, ìwọ ò lè ronú ni?"

Ó lé ní ọdún méjì tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò ò dá a dúró. Nígbà tí Síkírù ní kí wọ́n gbé bẹ́ńṣì náà kúrò, ó gbé àga láti ilé. Nígbà tí Síkírù fi ìbínú béèrè ohun tó lè mú kó dúró sílé, ó ní kékeré ni: kó gbẹ́ títì, kó so páìpù.

Ní 1993 wọ́n gbẹ́ títì, wọ́n so páìpù. Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i, Síkírù kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn ògiri bóyá dúrọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Kò sí. Ó yí ẹ̀rọ, omi dà, ó ń dà, kò húkọ́. Christopher tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀, ó sì fi ìdùnnú sọ fún gbogbo ayé pé ìdílé Akínlabí ti mú ìlérí wọn ṣẹ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì nìkan ni omi náà ń ṣàn. Omi ni, síbẹ̀.

Lydia pọn korobá kan, ó gbé e wá sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó fi ife bu ú fún bàbá rẹ̀. Ó mu ún, ó wò ó, ó tún mu ún.

"Kí ló dé tí mi ò fi lè ṣe èyí nígbà tí mo wà níbẹ̀?" ó béèrè. Kò fi ṣàwàdà.

"Torí kò sẹ́ni tó jókòó sórí bẹ́ńṣì yín, Dádì."

Ó ronú sí i. "Ìwọ ìbá ti wá jókòó."

"Mo bẹ̀rù yín nígbà yẹn."

"Èmi náà bẹ̀rù ẹ lórí pápá," ó ní, ó sì na ife sí i kó tún bu sí i.

Àwọn ológun tún tú ìgbìmọ̀ ká kí ọdún náà tó parí. Síkírù padà sídìí pákó rẹ̀ pẹ̀lú ìtura lójú. Christopher ní òun bá a kẹ́dùn, ó sì gbà á níyànjú pé kó má gba rédíò gbọ́.

Ní 1995 ẹ̀jẹ̀ ríru dé. Dókítà ní kó jáwọ́ nínú iyọ̀ pátápátá. Christopher ní òun á fi ìdajì sílẹ̀. Dókítà ní kì í ṣe ọjà ni wọ́n ń ná. Ó ní kí dókítà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀, òun á dúró de èsì. Shakirat kó gbogbo iyọ̀ ilé sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í pa. Ó bá ọkọ rẹ̀ nílé aládùúgbò, tó ń jẹ ẹyin síse pẹ̀lú iyọ̀, tó ń bá wọn parí ìjà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú oṣù Kẹjọ, kò lè dìde mọ́. Ó pe Lydia sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Lydia ti ń kọ́ni ní iléèwé àdáni kan ní Yaba nígbà náà. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé ìbò yóò tún wáyé láìpẹ́, Lydia sì mọ ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ sọ.

"Sáà kan péré," Christopher wí. "Kí àga má baà bọ́ nílé wa."

"Rárá, Dádì."

"Ìdajì sáà."

"Ẹ sinmi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó pa ojú dé. "Ìdámẹ́rin," ó ní. "O ò ní rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀."

Lydia ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ bu omi wá. Nígbà tó padà dé, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu adúnàádúrà náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà ilé péjọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Bọ́lárìnwá ló mú fọ́ọ̀mù olùdíje dání. Christianah, àbúrò Christopher obìnrin, jókòó tì í, ó sì ti ṣètò ẹni tí yóò rán aṣọ tí Lydia máa wọ̀ lọ búra. Wọ́n ní ọmọwé ni, àdúgbò fẹ́ràn rẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn ìbò náà. Wọ́n ní yóò wọlé láìlàágùn. Lydia mọ̀ pé òótọ́ ni. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn: pé yóò wọlé, nítorí pé ìtàn bàbá rẹ̀ dùn.

"Bàbá Kékeré," ó sọ fún Bọ́lárìnwá, "ìgbà wo ni Dádì ṣiṣẹ́ fún òpópónà yìí?"

"Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀."

"Ẹ wò mí lójú, sà."

Bọ́lárìnwá wò ó. Òun ló pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ògiri. "Ìgbà tó ń yọ Síkírù lẹ́nu," ó ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ìgbà tí kò sí lórí àga. Mi ò ní gorí ẹ̀."

Christianah ní ó ń ta òkú lẹ́sẹ̀. Lydia ní bí òkú bá lè gbọ́, ó mọ̀ pé òun ò ta á lẹ́sẹ̀. Ìdámẹ́rin sáà ni àwọn méjèèjì ná an dé, òun ò sì tíì fèsì. Ó fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ já.

"Rárá ni mo ní lẹ́nu láti fún un," ó ní. "Ká ní mo dúró ni, ìbá tún ti já a sí ìdámẹ́jọ. Ǹ bá sì ti gbọ́ ọ."

Shakirat ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi etí ìborùn nu ojú. Ó ní nígbà tí Christopher wá fẹ́ òun, bàbá òun ní òun ò fọmọ fún onígbàgbọ́. Christopher ní kí wọ́n fún òun ní ìdajì, òun á wá mú ìyókù tó bá yá. Bọ́lárìnwá rẹ́rìn-ín títí fọ́ọ̀mù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kódà Christianah rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń nu ojú, títí ọbẹ̀ fi jóná nínú ilé ìdáná.

Lẹ́yìn náà Bọ́lárìnwá ṣa fọ́ọ̀mù náà nílẹ̀, ó sì fún Láyí, ọmọ tirẹ̀.

Láyí á kan ilẹ̀kùn rẹ, ìwọ tó ń ka èyí. Bí kì í bá ṣe òun, irú rẹ̀ ni, láti irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní ẹ̀rín Christopher, á mọ orúkọ ìyá rẹ, á bá ọ kẹ́dùn èyí tó kú, á bá ọ yọ̀ sí èyí tí o bí, kò sì ní jí kọ́bọ̀ rẹ. Ṣílẹ̀kùn fún un. Fún un lóúnjẹ, kó jẹ ẹ́ pẹ̀lú iyọ̀ tó bá wù ú. Ní kó sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fún ọ, kó o sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ, torí ó tọ́ sí olóògbé náà. Sìn ín dé ojúde. Ṣùgbọ́n ìbò rẹ, má fún un.